Òbúkọ Tó Lóun Gbé Tíkẹ́ẹ̀tì Mì

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ, ó balẹ̀ gbì sórí Òbúkọ, sórí Pẹ́pẹ́yẹ, sórí Ìgbín. Ẹ jókòó dáadáa. Mojírayọ̀, má fa ẹní mi ya."

Láyé ìgbà kan, ní ìlú àwọn ẹranko, Ọba Erin ní òun fẹ́ tún afárá odò ṣe, ṣùgbọ́n kò sówó. Ló bá dá tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ẹni tó bá rà á á mú nọ́ńbà mẹ́ta. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, akéde á jáde, á pe nọ́ńbà tọjọ́ náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá a mu á gba odindi oko iṣu kan, tòun ti abà inú rẹ̀.

Afárá ńkọ́? Ó ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká fi ti afárá sílẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ bí ọmọ mọ́kànlá, yàrá kan ṣoṣo tó ń jò ni gbogbo wọn ń sùn sí. Ìgbín ní tirẹ̀, tó bá gbéra lọ sóko láàárọ̀ òní, ọ̀sán ọ̀la ló ń débẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ oko tó ní abà. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ ni ẹyọ kan. Ni wọ́n bá pe Òbúkọ ọ̀rẹ́ wọn mọ́ra, wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta jọ máa dá owó.

"Ta ni yóò máa bá wa rà á?" Pẹ́pẹ́yẹ ló béèrè.

Ìgbín ní, "Tẹ́ ẹ bá rán mi, tẹ́tẹ́ á ti parí kí n tó dé ààfin."

Wọ́n bá wo Òbúkọ. Òbúkọ rọra fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ẹni tó ní irú irùngbọ̀n yìí," Pẹ́pẹ́yẹ wí, "ṣé ó lè jí nǹkan olóhun?"

Ẹ wo ọgbọ́n! Bí wọ́n ṣe kó owó fún un nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Òbúkọ gbọ̀nà ààfin lóòótọ́. Ó dé ìdí igi ọ̀pẹ, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń yan ẹ̀pà. Òórùn ẹ̀pà ta sánsán, ó wọ imú Òbúkọ. Òbúkọ dúró wámú.

Ó ní, "Ṣé tẹ́tẹ́ yìí tiẹ̀ lè jẹ? Kò lè jẹ. Owó tó máa ṣòfò lọ́wọ́ ọba, ṣé kò sàn kó ṣiṣẹ́ lẹ́nu mi?"

Ó ra ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ. Rúmúrúmú, ó jẹ ẹ́ tèèpotèèpo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fa ojú ro bí ẹni tí òkú sùn nílé rẹ̀, ó wọlé tọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, a ò jẹ o."

Ìgbín mí kanlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Onírùngbọ̀n. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn yín." Ó gbé omi gbóná wá, ó fi ń tẹ ẹsẹ̀ Òbúkọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló jẹ?

"Òbúkọ ló jẹ!"

Ẹ ṣeun. Ọjọ́ ọjà yìí, a ò jẹ. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó kù díẹ̀ ká jẹ. Ẹni tí ò jẹ yìí wá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ọrùn rẹ̀ ki pọ̀ǹkì. Ìgbín wò ó títí, ó ní, "Ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe wú u lára!"

Ó di ọjọ́ kan, akéde jáde. "Mẹ́rin! Mẹ́sàn-án! Mẹ́tàlá! Ẹni tó ni ín, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá sí ààfin!"

Nọ́ńbà tí wọ́n ń rán Òbúkọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà nìyẹn! Pẹ́pẹ́yẹ fi ìyẹ́ lu ara pápápá. Ìgbín sáré, tàbí kí n ní ó ṣe ohun tí òun ń pè ní sísáré. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Òbúkọ, wọ́n gbé orin. Ẹ gbè é gidi:

Òbúkọ onírùngbọ̀n,
*A ti jẹ, kẹ̀ǹkẹ̀, a ti jẹ!*
Ṣílẹ̀kùn, ayọ̀ dé,
*A ti jẹ, kẹ̀ǹkẹ̀, a ti jẹ!*
Nọ́ńbà wa ti jáde,
*A ti jẹ, kẹ̀ǹkẹ̀, a ti jẹ!*
Mú tíkẹ́ẹ̀tì wa wá,
*A ti jẹ, kẹ̀ǹkẹ̀, a ti jẹ!*

Òbúkọ gbọ́ orin nínú ilé, ó yára nu ẹnu. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Tíkẹ́ẹ̀tì dà?" Ìgbín béèrè.

"Ó... ó wà."

"Níbo?"

"Níbi tí olè ò lè dé. Olè ti pọ̀ jù nílùú yìí. Mo gbé e mì."

Pẹ́pẹ́yẹ dì mọ́ ọn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rí olóòótọ́!"

Òbúkọ rò pé òun ti bọ́. Ìgbín bá ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká gbé ikùn náà lọ sí ààfin."

Wọ́n dé ààfin. Ọba Erin ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì dà?"

"Kábíyèsí, inú ọ̀rẹ́ wa ló wà."

Ọba rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mì. "Èyí ò ṣòro. Ká la ikùn rẹ̀, àbí ká fún un ní àgbo tó ń ṣí inú?"

"Àgbo ni, Kábíyèsí!" Òbúkọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọba pa ẹnu dé.

Wọ́n fún un ní igbá kan. Inú rẹ̀ dún kùrùkùrù, ó tú yàà. Ẹ̀ṣọ́ ọba fi igi tú u wò.

"Èèpo ẹ̀pà ni, Kábíyèsí."

"Ẹ tún fún un."

"Èèpo ẹ̀pà náà ni, Kábíyèsí."

Wọ́n gbé igbá kẹta wá. Òbúkọ jà, ó tàpá, igbá dànù lé e lórí, àgbo sì rin ín látorí dé pátákò. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọpọ́n ẹ̀pà kọjá.

"Háà! Oníbàárà mi! Kí ló ṣe yín? Kábíyèsí, ẹ má fìyà jẹ ẹni ire yìí o. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ra ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ lọ́wọ́ mi, kì í sì í ná an!"

Ẹ̀ṣọ́ ọba ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ò pariwo. Ó kàn wo Òbúkọ, ó ní, "Mo ń gbé omi gbóná fún ẹsẹ̀ rẹ."

Òbúkọ dọ̀bálẹ̀, àgbo ń kán tó tó tó ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọba ní kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí oko. Oko iṣu padà sọ́wọ́ ọba. Ẹ má bi mí bóyá ọba sunkún. Ó wá pàṣẹ pé kí Òbúkọ kan òrùlé Pẹ́pẹ́yẹ, kó sì máa kọ ebè fún Ìgbín fún ọdún mẹ́ta. Òbúkọ ṣe é. Nígbà tó ṣe tán, ó lọ sódò, ó fi kànìnkànìn wẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Òórùn àgbo ọjọ́ yẹn ò lọ. Títí dòní, tí àwọn ọ̀rẹ́ bá jókòó láti dá owó, tí atẹ́gùn bá ti gbé òórùn Òbúkọ dé, kálukú á di àpò rẹ̀ mú.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n fọkàn tán má ṣe jẹ owó ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń dá owó, ẹ máa ní kí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn yín. Irùngbọ̀n kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibí ni àlọ́ mi jókòó sí. Tí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má lè jẹ ẹ̀pà mọ́.