Áàpù Erin Lóko Ẹtu

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fìdí kalẹ̀ sórí Ìjàpá àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe àáró: Ẹtu, Òkété àti Àparò.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ àáró: lónìí, gbogbo wa á ṣiṣẹ́ lóko tìrẹ, lọ́la, ó di oko tèmi. Láràárọ̀, Àparò á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn: "Oko Òkété ló kàn." Wọ́n á gbọ́kọ́, wọ́n á lọ. Ó tán.

Ìjàpá ní èyí kò bójú mu. "Ẹgbẹ́ gidi kì í ṣe báyìí. Mo ti rí áàpù kan tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ lórí fóònù. Egbèje erin ló ń fi í ṣiṣẹ́."

Àparò ní, "Ìjàpá, mélòó ni wá?"

"Mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọkàn wa tóbi."

Wọ́n gbà. Áàpù náà bèèrè olórí ẹ̀ka mẹ́sàn-án. Ìjàpá gba ipò alábòójútó àgbà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ìjókòó, lábẹ́ igi. Àwọn mẹ́ta yòókù pín mẹ́jọ tó kù. Olórí kọ̀ọ̀kan ló sì ní fọ́ọ̀mù tó gbọ́dọ̀ kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan Ẹtu. Ẹ̀wà rẹ̀ ti gbẹ lóko. Òun ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ márùn-ún títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí òjò bá bá a níbẹ̀, jíjẹrà ni. Bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run ti ń ṣú.

"Ìjàpá, ṣé a lè máa lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku fọ́ọ̀mù kan."

Òkété ní tirẹ̀ di ipò mẹ́ta mú. Òkété olórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀wé sí Òkété olórí ọ̀nà pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun kọjá. Olórí ọ̀nà wo ìwé náà, kò rí ìkíni níbẹ̀, ó dá a padà. Òkété bínú sí Òkété. Odindi ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ìjàpá, ṣé a lè máa lọ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku fọ́ọ̀mù kan."

Lọ́jọ́ kẹta, ààrá sán gbàà! Ẹtu bú sẹ́kún. Àparò pa áàpù dé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan bó ti máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Oko Ẹtu ló kàn. Ẹ máa bọ̀." Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òjò ṣú lókè o,
*Kíá, ká lọ ká a!*
Ẹ̀wà Ẹtu gbẹ lóko,
*Kíá, ká lọ ká a!*
Ọmọ márùn-ún ń wò wá o,
*Kíá, ká lọ ká a!*

Àwọn mẹ́ta ká a wàràwàrà. Bí wọ́n ti gbé apẹ̀rẹ̀ ìkẹyìn wọlé ni òjò dé, wòòò!

Ẹtu se ẹ̀wà, ó bù ú sí àwo mẹ́ta. Ìjàpá wọ́ dé. "Ẹ̀gbọ́n, tèmi dà?"

"Àbúrò, èyí tó o ká dà?"

Ìjàpá na fóònù sí i. "Gbogbo iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ ẹ́ níbẹ̀."

Ibi tí àlọ́ mi ti ká ẹsẹ̀ jókòó nìyẹn. Ó ń kọ́ wa pé bí ẹ bá kéré níye, irinṣẹ́ tí gbogbo yín mọ̀ ọ́n lò ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó bá ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ẹ fi í sílẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi má rí àgbàdo jẹ mọ́.