Ológì Tó Wọ Ẹgbẹ́ Panápaná

Ológì kan wọ ẹgbẹ́ panápaná abúlé wa. Bí iná ẹ̀rùn bá ń jó oko olóko, á fa imọ̀ ọ̀pẹ tútù yọ, á máa fi na iná pẹ̀lú àwọn ọkùnrin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Abiyamọ bíi tìẹ! Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

Lọ́jọ́ ọjà kan, iná ràn mọ́ ilé òun náà. Ó sáré dé, ó ń ké. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa iná náà.

Olórí wọn ń yọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, omi ló tán. Omidùn ògì yín la dà sí i. Gbogbo ilé ń rùn."

"Ẹ jẹ́ kó máa rùn! Ó sàn ju eérú lọ. Ẹ jókòó, kí n po ẹ̀kọ fún yín."