Káàdì Tí Ìyá Fi Ọ̀já Ṣe

Ọkùnrin kan wà tí ó jogún káàdì Kérésìmesì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tí bàbá wọn kú, tí kò sí aṣọ ọdún, tí kò sí adìyẹ, ìyá gé páálí, ó gé etí ọ̀já tí ó fi pọn àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi ògì sísè lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí náà bí ìràwọ̀. Láti ìgbà náà, láàárọ̀ Kérésìmesì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, káàdì yìí á ti ọwọ́ dé ọwọ́ yí ilé ká.

Nígbà tí ìyá papò dà, ọkùnrin yìí, àkọ́bí rẹ̀, ni wọ́n gbé e fún. Ó rí i pé ọwọ́ ti mú un dọ̀tí, etí rẹ̀ sì ti ń ṣá. Ó fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ sí yàrá rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ojú àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin, fọ́ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n fà á lọ́wọ́ wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀já Màámi.”

“Á bàjẹ́. Ìwọ fọwọ́ kan dígí náà.”

Obìnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé dígí. Ó tutù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú ọwọ́ kúrò.

“Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá.”

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, àìsàn ti mú un lọ.

Nígbà tí ìròyìn dé, ọkùnrin náà fọ́ dígí. Ó gbé káàdì lọ síbi tí wọ́n tẹ́ òkú àbúrò rẹ̀ sí, ó kó ìka òkú náà lé ọ̀já náà. Àwọn ìka náà ti le, wọn kò ká.

Ìyá àgbà kan tó jókòó ti òkú náà wò ó lójú. “Mú un padà lọ sílé, ọmọ mi. Ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ ti lọ.”

Ó gbé e padà. Gbogbo Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló ń jókòó tì í.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ilẹ̀ bàbá yín tí o fi wáyà yí ká, ìtàn ìdílé yín tí o kò sọ fún ọmọ àbúrò rẹ, o ní ò ń tọ́jú wọn ni. Ta ni ò ń tọ́jú wọn fún? Lọ fi wọ́n fún àwọn ẹbí rẹ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì gbóná.