Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Wá Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ọgbà yunifásítì. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó níwájú rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ bóyá àìsàn ló ń ṣe é ni tàbí ó ń sá fún ìdánwò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ń jẹ́ Ọláníhún. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ni yóò máa dùn ún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì á yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, kò ní rí nǹkan kan. Ọmọ náà kò sì ní tètè dìde. Á sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó wọlé ẹ̀kọ́. Á béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ti jẹun. Á ní àwọn mẹ́ta tí àwọn jọ ń gbé yàrá ń sọ èdè kan tí òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ kò ju pé kó ti ilẹ̀kùn lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, èrò kún ilé ìwòsàn títí dé ìta, Ọláníhún sì tún wá. Nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ ọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Ó ní, “Ọmọ mi, ara rẹ le. Má wá síbí mọ́ àfi tí àìsàn bá ń ṣe ọ́.”

Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá. Ara tu nọ́ọ̀sì. Èkejì náà kọjá. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ṣàkíyèsí pé òun ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo nọ́mbà yàrá ọmọ náà lára káàdì rẹ̀, ó sì rìn lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi ráńpẹ́, ibẹ̀ dá páropáro.

Ó bá a lórí ibùsùn, ètè rẹ̀ ti bó, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, ó sì ti di ọjọ́ kẹfà. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló dé tí kò wá.

Ó ní, “Ẹ ní kí n má wá àfi tí àìsàn bá ń ṣe mí, sà. Mi ò mọ̀ bóyá èyí tó.”

Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yè. Ṣùgbọ́n kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì kọjá. Ó máa ń wu nọ́ọ̀sì láti sọ fún ọmọ náà pé kó yà wá jókòó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Ìwọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìwọ ni mo ń bá wí. Ẹnìkan yóò máa wá bá ọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Yóò sú ọ. Kò burú bó bá sú ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ bí a ṣe ń dá nìkan ṣàìsàn.