Bí Àwẹ̀ró Aléèédú Ṣe Di Òrìṣà Irin Líle

Mo búra níwájú ojúbọ yìí pé ìtàn mi kò ní gùn, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò pẹ́ láyé.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ìléru Òkè-Ìdàrọ́ ń rú èéfín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ń gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Àwẹ̀ró, opó alágbẹ̀dẹ, aléèédú-má-ṣì-wọ̀n, ìyá tó mọ oúnjẹ irin. Òun ló ń di irin mọ́ èédú nínú ìkòkò, tí yóò fi amọ̀ dí i lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e síná, kí irin lè mu èédú. Irin ọkọ́ ń mu díẹ̀, kí ó lè tẹ̀ bí ó bá kan òkúta; ti àdá ń mu jù bẹ́ẹ̀; ti abẹ ló ń mu jù, nítorí irùngbọ̀n kì í bá abẹ jà.

Olókè, ọba ìgbà náà, ekùn tí í bú mọ́ ará ilé, ní kí wọ́n rọ idà fún Akínlàjà, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, tí yóò ṣáájú ogun. Ó ní kí ó le ju abẹ lọ. Wọ́n rọ ọ́, wọ́n rì í bọ omi, ó dún ṣáà. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n dá a padà síná díẹ̀, títí yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, kí líle náà má baà pa á.

Kábíyèsí ní, “Ṣé òtútù ń mú idà mi ni, tí ẹ fẹ́ kí ó yáná?”

Akínlàjà rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, àbí ọkọ́ ni kí n gbé lọ, kí n lọ kọ ebè fún àwọn ọ̀tá?”

“Yóò ṣẹ́, ọmọ mi.”

“Ẹ má dójú tì mí lójú ọba.”

Àwẹ̀ró wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, ó sì gbé idà náà fún un bẹ́ẹ̀.

Lójú ogun, idà kan idà, ti Akínlàjà fọ́ bí àwo. Èèkù idà nìkan ni wọ́n bá lọ́wọ́ òkú rẹ̀. Kábíyèsí ṣọ̀fọ̀ gan-an. Ó ní idà náà dára gidi.

Àwẹ̀ró kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó irin tó ṣẹ́ náà mọ́ra, ó wọ inú ìléru tí iná ti ń jó, ó sì fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà láti inú. Nígbà tí wọ́n wó o, wọn kò rí egungun. Irin dúdú kan ni wọ́n bá, tí ayùn kò lè họ, tí ọmọ owú kò sì lè fọ́. Òun ló wà lábẹ́ aṣọ funfun yìí.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀kúnwọ́ èédú kan bọ ọ́. Ẹni tó bá ru agbọ̀n èédú wá, a ó dá a padà sílé. Èèwọ̀ sì ni kí alágbẹ̀dẹ gbé idà tó ti inú omi jáde fún ọmọ ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé ó ti padà yáná.

Gbogbo ọba tó ń jẹ láti ìgbà náà ló ń béèrè idà tó le jù. Àwa alágbẹ̀dẹ máa ń dáhùn pé ó ti dé, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n a ti mú un yáná lẹ́yìn ilé ná. Akọgun tó ń gbé idà ọba òní ṣì ń jẹun nílé ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Kábíyèsí gbọ́.