Àgbẹ̀ Tó Lọ Yan Ìbọn

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ kòkó ni, oko rẹ̀ wà nínú igbó níbi tí igi pọ̀ débi pé oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé inú ahéré tó wà láàárín oko náà. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Mo tètè sọ èyí kí o má baà pè é ní ìkà tí o bá gbọ́ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe.

Ní ọdún kan, olè wọ oko náà nígbà tí tọkọtaya lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé àpò kòkó gbígbẹ kan lọ. Àpò kan péré ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara obìnrin náà kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀ka igi bá já, á dìde jókòó. Á ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ gbọ́ nǹkan yẹn?" Ọkọ rẹ̀ á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́, àyà tirẹ̀ náà sì ti já. Ó ń dùn ún pé ìyàwó òun ń bẹ̀rù nínú ilé tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ́ fún un.

Kò mọ ẹni tó jí kòkó náà, ṣùgbọ́n ó ti yan ẹnìkan sọ́kàn. Ọkùnrin tí oko wọn jọ pààlà ni. Wọ́n ti jà lórí ààlà yìí rí, wọn kì í sì í kí ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á máa wo igi lápá ọ̀tún, èkejì á máa wo igi lápá òsì, àfi bíi pé àwọn igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àgbàlagbà méjì o!

Nígbà tó yá, àgbẹ̀ wa lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tó ń rọ ìbọn, ó ní òun ń fẹ́ èyí tí òun á máa gbé kọ́ èjìká nínú oko. Alágbẹ̀dẹ gbé méjì jáde. Èkíní fúyẹ́, ó sì ń tètè dún; bí ìka bá ti kàn án, ó ti yìn. Èkejì jẹ́ ṣakabùlà àtijọ́. Ó wúwo, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì le. Ènìyàn ní láti fi àtàǹpàkò fa irin náà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára títí á fi dúró, kó tó lè yìn ín.

Àgbẹ̀ náà gbá èyí tó fúyẹ́ mú. "Èyí ni mo fẹ́," ó ní.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Kò burú. Àwọn wo ló máa ń wá sí oko yín?"

"Olè ni."

"Mo gbọ́. Yàtọ̀ sí olè ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ronú. Ó ní ìyàwó òun ni, àti ọmọ òun obìnrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ní adẹ́mu kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi sì máa ń yà mu omi. Lásìkò òjò, àwọn tó ń ṣa ìgbín náà á tún dé.

"Olè yìí ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ rí i," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Nítorí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan lẹ ṣe ń yan ìbọn. Èmi ń bá yín yan án nítorí àwọn tó ń wá lójoojúmọ́. Ẹ gbé èyí tó lọ́ra."

Inú bí àgbẹ̀. Ó ní, "Ṣé olè á wá dúró dè mí kí n fa irin tán ni?"

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. "Bí olè bá rí ìbọn, ẹsẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sá ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò gbà láti ta èyí tó yá fún un. Ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó sì ń kùn lọ sílé.

Ìgbà ìkórè dé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ìlú lọ tọ́jú Àyọ̀ká, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wá ku àgbẹ̀ nìkan lóko. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sá kòkó rẹ̀ sórí ẹní níwájú ahéré, ó sì lọ sí ìkángun oko lọ já èyí tó kù. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ààrá sán. Ó rántí kòkó tó wà nínú oòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tó yọ létí ahéré, ó rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì rọ́ kòkó rẹ̀ sínú àpò kíákíá. Ó wo fìlà rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí wọ́n jọ pààlà ni.

Inú àgbẹ̀ náà dùn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn pé ẹni tí òun fura sí gan-an ni.

Ó gbé ìbọn sókè. Ó fa irin, òógùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin náà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún fà á. Ibi tó ti ń fà á ni ọkùnrin ọ̀hún ti gbé ohùn sókè.

"Ìyá Tọ́ba, gbé ọ̀rá yẹn wá kíá! Òjò á ba kòkó Bàbá Àyọ̀ká jẹ́!"

Ìyàwó ọkùnrin náà sáré jáde láti abẹ́ igi kòkó, ó gbé ọ̀rá ńlá dání. "Tiwa ńkọ́? A ò tíì kó o tán!"

"Àwa wà nílé. Òun ò sí nílé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú igbó yẹn nìyí: ẹni tí òjò bá bá nítòsí kòkó ẹlòmíràn á bá a kó o, ìjà ì báà wà láàárín wọn. Àgbẹ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ti bá ènìyàn kó o rí. Ìbínú ni kò jẹ́ kó rántí.

Ó rọra dá irin padà, ó sì fi ìbọn ti igi kan. Ó bọ́ síta, ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí òjò dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá wọ inú ahéré. Ọkùnrin kejì wo ìta, ó ní, "Ìbọn yín ń tutù."

"Ẹ jẹ́ kó tutù," ni àgbẹ̀ wí. Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo gbé e sókè sí."

Ìyàwó ọkùnrin kejì sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wá ní, "Mo mọ̀ pé èmi lẹ fura sí. Ó dùn mí púpọ̀. Mo ń retí pé ẹ ó wá bi mí."

Ládiméjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o bi mí láàárọ̀ yìí pé èwo ló máa yá jù: kí o pe ọlọ́pàá mú àbúrò rẹ, tàbí kí o kó ẹbí jọ kí wọ́n lé e kúrò nílé. O ní wọ́n rí i tó ń gbé àpótí aṣọ màmá yín jáde lẹ́yìn ìsìnkú. Ó lè jẹ́ pé ó jí i. Mi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Mi ò ní kí o má ṣọ́ ilé bàbá rẹ, ṣọ́ ọ dáadáa. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé, ṣé o ti bi í?

Àbúrò rẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ó ti dé kí o tó dé. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ àpótí, torí èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá tó bí ọ ló bí i, òun náà ń sunkún rẹ̀, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Gba abọ́ oúnjẹ yìí lọ́wọ́ mi. Gbé e lọ fún un, kí o jókòó tì í kó jẹun tán, kí o tó la ẹnu.