Sèsé Ìyá Ọmọ́tárá

"Ewúrẹ́ ni mo ní!"

"Àgbò ni, baálé mi. Àbí ẹ ò rí ìwo orí ẹ̀ ni?"

"Etí nìyẹn! Ọmọ́tárá, o ò mọ ewúrẹ́ mọ́?"

Ẹ gbọ́ o, kò sí ewúrẹ́, kò sí àgbò. Àwọsánmà ni Ọmọ́tárá àti Adéjìnmí ọkọ ẹ̀ ń jà lé lórí láti àárọ̀. Wọn ò tíì parí ẹ̀ tí àwọsánmà náà fi di òjò, tó rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí.

Àkọ́rọ̀ nìyẹn. Ọmọ́tárá sáré wọlé lọ gbé ahá irúgbìn ẹ̀wà sèsé tó wà lórí àjà, níbi tí èéfín ààrò ti ń fín in. Ó ṣí i. Kòkòrò ti jẹ ẹ́! Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló kù. Ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé ló fún un ní sèsé yìí, ìyá ìyá ẹ̀ ló sì fún ìyá ẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ mọ́ níbikíbi. Bí èyí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Ọmọ́tárá jókòó sídìí ààrò, ó sunkún.

Ọ̀kan-ò-dá-dúró-nínú-ìjì, Ìtàkùn-tó-rígi-dìmú-ló-ń-rí-ọ̀nà-jíjìn, àwọn ló dífá fún Ọmọ́tárá, lọ́jọ́ tó ń sunkún irúgbìn ìyá ẹ̀. Wọ́n ní kó fi ẹ̀kọ àti epo bọ ilẹ̀, kó fi ìdajì irúgbìn ta ẹni tó ń bá a jà jù lọ́rẹ. Wọ́n ní kó gbin àgbàdo, sèsé àti ẹ̀gúsí sórí ebè kan náà.

"Ìdajì kẹ̀? Fún ẹni tí ò mọ àgbò?"

Ó dùn ún, àmọ́ ó rú u. Ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kó o fún ọkọ ẹ̀. Adéjìnmí rí i, ó rọra fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbìn ín, ẹ̀rín pa á.

"Orogún mẹ́ta lórí ẹní kan? Wọn ò ní jẹ́ kí ara wọn sùn!"

Ó bá pààlà oko wọn sí méjì, ó ya yàrá ọ̀tọ̀ fún àgbàdo, sèsé àti ẹ̀gúsí nínú tiẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kí wọn: "Àgbàdo, ṣé o jíire? Má dá sèsé lóhùn o!"

Lóko Ọmọ́tárá, sèsé gun àgbàdo, ó wé mọ́ ọn. Ẹ̀gúsí tẹ́wé bolẹ̀, koríko ò ráyè. Ti Adéjìnmí ńkọ́? Ìjì wó àgbàdo. Sèsé ń rákò nílẹ̀, àparò jẹ ẹ́ tán. Koríko gbé ẹ̀gúsí mì. Adéjìnmí dúró láàárín oko, ó káwọ́ lérí.

Àánú ẹ̀ ṣe ìyàwó ẹ̀. Ó fọwọ́ yí orí ìtàkùn ẹ̀gúsí tiẹ̀ kọjá ààlà sí ọ̀dọ̀ ọkọ, kò sì wí fẹ́nì kan.

Ìgbà ìkórè dé, sèsé kún agbọ̀n, irúgbìn kún ahá dẹ́nu. Ẹni tó rúbọ tó tún gbàmọ̀ràn, ohun ìní ìyá ẹ̀ kì í parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Ifá ṣe wí nìyẹn.

Adéjìnmí na ìka sí àwọn ẹ̀gúsí ràbàtà tó sùn sórí ilẹ̀ ẹ̀.

"Ilẹ̀ ta nìyí?"

"Tiyín ni, baálé mi."

"Kí ni mo wí? Yàrá ọ̀tọ̀ ló dáa!"

Ó gbé ẹ̀gúsí méjì há abíyá, ó yan lọ sílé. Kò wẹ̀yìn.